Bí a ṣe ń fi júdò kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ojú àánú

Ara ẹlòmíràn ni a fi ń kọ́ júdò, ìjàkadì àwọn ará Japan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí ẹ gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí òun náà tó wá gbé yín. Nínú yíyọ̀ǹda yìí ni mo ti kọ́ sùúrù, mo sì gbà pé ẹlòmíràn lè kọ́ ọ níbẹ̀, bó bá mọ ibi tó yẹ kó fojú sí.

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan, Jigoro Kano, ló dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Ìtumọ̀ júdò ni "ọ̀nà pẹ̀lẹ́". Ohun méjì ni Kano ní ká máa rántí: ká má fi agbára ṣòfò, kí ire tèmi àti ire ẹnìkejì sì jọ máa lọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹni tó bá sì jàkadì ní kékeré mọ̀ pé ẹni tó dá ẹnìkejì ló ń nawọ́ fà á dìde.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣubú

Ní Abẹ́òkúta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀. Àwọn eléré ìdárayá ló ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀, ẹnì kan á júwe ọ̀nà fún yín. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n júwe, ẹ má tíì wọ aṣọ eré. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wo ẹni tó kéré jù lórí ẹní. Ta ló ń bá a ṣe é? Bó bá ṣubú, ṣé wọ́n dúró wò ó? Bí wọ́n bá fa ọmọ tuntun lé àgbà lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n jọ gbá a mú, ẹ dìde kí ẹ máa lọ. Níbi tí mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ sí, ọjọ́ kejì ni wọ́n fà mí lé ọkùnrin gìrìwò kan lọ́wọ́. Mo fi ọwọ́ tilẹ̀ bí mo ṣe ń ṣubú, ọrùn ọwọ́ mi rọ́, oṣù méjì gbáko ni mi ò fi lè fún aṣọ.

Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ gbọ́ èémí ara yín

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn á kúnlẹ̀, wọ́n á fìdí lé gìgísẹ̀, wọ́n á dijú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ẹ gba imú mí sínú, ẹ jẹ́ kí ikùn gbé e, kí ẹ wá tú u síta díẹ̀díẹ̀, kí títú rẹ̀ pẹ́ ju fífà rẹ̀ lọ. Bí a bá ń tú èémí síta, ọkàn a máa rọra lù. Ẹni tó ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá bọ̀, fèrè mọ́tò á ṣì máa dún létí rẹ̀. Ẹ má lé e. Ẹ sá ka èémí mẹ́wàá. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ wá àga.

Lẹ́yìn èyí ni títẹríba. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ìbọ̀rìṣà ni. Rárá o, ìkíni ni, bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tí a sì ń kúnlẹ̀ nílé wa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àgbà náà ń tẹrí ba fún ọmọdé, nítorí ara ọmọ náà ló fẹ́ lò.

Ẹ ṣubú dáadáa

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé orí sókè kí ojú yín wo kókó bẹ́líìtì. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sí àyà, kí ẹ wá fi gbá ẹní lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, kí apá jìnnà sí ìhà díẹ̀ ṣùgbọ́n kó má kọjá èjìká. Bí ẹ ti ń gbá a ni kí ẹ máa tú èémí síta. Ẹ ṣe é lógún ìgbà. Bó bá ti mọ́ra, ẹ lóṣòó kí ẹ tó ṣubú. Ìdúró ló kẹ́yìn. Ẹ má fi ọwọ́ tilẹ̀ láéláé. Ẹ má sì dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé, ìlú olókúta ni tiwa.

Ẹ̀rù ló ń mú kí ara le, ara tó bá sì le ló ń fara pa. Ẹni tó ti ṣubú nígbà ọgọ́rùn-ún tó sì ń dìde á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rù sílẹ̀.

Ọwọ́ tí kì í jọ̀wọ́ aṣọ

Ọwọ́ ọ̀tún yín á di ọrùn aṣọ ẹnìkejì mú, òsì á di apá aṣọ rẹ̀ mú nítòsí ìgúnpá. Bí ẹ bá gbé e, ọ̀tún lè jọ̀wọ́, òsì ò gbọdọ̀ jọ̀wọ́. Bó ti ń lọ sílẹ̀, ẹ fa apá aṣọ náà sókè sọ́dọ̀ ara yín, kí ìhà rẹ̀ kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, kí orí rẹ̀ má sì kàn án rárá. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn orí ni yóò fi gba ilẹ̀.

Ọwọ́ òsì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Láti inú aṣọ lẹ ó ti máa gbọ́ ohun tí ẹnu kò sọ: bó ṣe sé èémí, bí apá rẹ̀ ṣe le gbagidi, bó ṣe ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dín agbára kù, ẹ ní kó mí, kí ẹ tó gbé e.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọlọ́kadà kan fi irin ha mọ́tò mi ní Pánṣẹ́kẹ́, láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ti iwájú. Mo sọ̀ kalẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ó nawọ́ láti bẹ̀ mí, mo sì rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n, bí ọwọ́ àwọn tí mo máa ń dì mú lórí ẹní gẹ́lẹ́. Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Bùọ̀dá, ẹ mí ná." Ó mí. Owó ọ̀dà la wá jọ ń sọ.

Bí wọ́n bá gbá yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tú u sílẹ̀

Bí wọ́n bá dì yín mú nílẹ̀ tí kò sí ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ gbá ẹnìkejì tàbí ẹní lẹ́ẹ̀mejì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti tó. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Bí wọ́n bá gbá ẹ̀yin náà, ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gé èékánná, ẹ bọ́ òrùka àti yẹtí, ẹ fọ aṣọ yín lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní oṣù mélòó kan kí ẹ tó máa retí ìyàtọ̀ nílé.

Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ bá wọn ká ẹní, kí ẹ sì bi ẹnìkejì yín pé, "Níbo ló ń dùn ẹ́?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo béèrè, èjìká ọ̀tún ni ọmọkùnrin náà fi hàn mí. Àpò sìmẹ́ǹtì ló ń rù lójúmọ́, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èjìká náà ti ń dùn ún, tí mo ń gbé e ṣánlẹ̀ sórí rẹ̀. Apá òsì ni mo ń gbé e sí báyìí.