Yíyan Kámẹ́rà, Lẹ́ǹsì àti Iná fún Fọ́tò Owó Onírin Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo ni owó onírin àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà: kọ́bọ̀ oníhò ayé Gẹ̀ẹ́sì, tọ́rọ́ onígun méjìlá ti ọdún 1959, sísì, ṣílè, àti àwọn kọ́bọ̀ tí ìjọba gbé jáde nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973. Ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó ẹrù kòkó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá kò lè ṣàìní irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà wọ́n, tàbí tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun rí wọn dáadáa, ní láti ya fọ́tò wọn, ìbéèrè tí wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kámẹ́rà wo ni kí n rà?" Èsì mi kì í yí padà: kámẹ́rà ni ó yẹ kí a rà kẹ́yìn. Lẹ́ǹsì, iná, àti ohun tí a óò gbé kámẹ́rà kọ́ ni ó ń pinnu bí fọ́tò owó yóò ṣe rí, àwọn ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ní ìnáwó nínú rárá. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wọn owó tí ó fẹ̀ jù àti èyí tí ó kéré jù nínú àwọn tí ẹ fẹ́ yà. Kọ́bọ̀ oníhò ayé Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 30. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí owó rẹ̀ kò ga jù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, sẹ́ńsọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí kò ga ju bíi mìlímítà 15 lọ. Bí kọ́bọ̀ náà yóò bá wọ inú àwòrán tán, a jẹ́ pé ìdajì títóbi rẹ̀ péré ni lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ gbé sórí sẹ́ńsọ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí owó yóò bọ́ síta. Lórí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ ńlá, tí gíga tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24, owó kan náà ń fẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún títóbi rẹ̀, lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ túbọ̀ sún mọ́ owó, ìnáwó rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Fún iṣẹ́ yìí, sẹ́ńsọ̀ kékeré ni mo fara mọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye megapíksẹ́lì, ìyẹn mílíọ̀nù àmì tóótòòtó (píksẹ́lì) tí ó para pọ̀ di àwòrán, dẹ́rù bà yín. Àwòrán kámẹ́rà onímegapíksẹ́lì 24 sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì 6000 ní ìbú, 4000 ní gíga. Bí kọ́bọ̀ wa bá gba 3600 nínú gíga yẹn, píksẹ́lì 120 ni ó bọ́ sórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń ra owó ayé Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá lẹ́tà kékeré H, tí ó dúró fún Heaton ní Birmingham, tàbí KN, tí ó dúró fún King's Norton, nítorí lẹ́tà wọ̀nyí ni ó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ owó náà. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò bá ga ju mìlímítà kan lọ pàápàá, píksẹ́lì 120 ti tó láti kà á láìṣiyèméjì. Kámẹ́rà àlòkù onímegapíksẹ́lì 12, bíi Nikon D90 tí ó jáde ní ọdún 2008, yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Lẹ́ǹsì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ yàn. Lẹ́ǹsì makro, èyí tí Nikon ń kọ Micro sí lára, ni wọ́n ṣe fún ohun kékeré tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ ra ti mìlímítà 90, 100 tàbí 105 dípò ti 60. Ìdí rẹ̀ ni àyè tí ó kù láàárín ẹnu lẹ́ǹsì àti owó. Bí a bá sún mọ́ owó dé ibi tí ó ti hàn ní títóbi rẹ̀ gan-an, lẹ́ǹsì 60 lè wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré sí owó náà, òjìji rẹ̀ á bo owó, kò sì ní sí ibi tí iná yóò gbà wọlé; lẹ́ǹsì 100 á fún wa ní bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí a kọ sára páálí rẹ̀ o, nítorí láti orí sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ti ń wọn ìjìnnà tí wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe láti ẹnu lẹ́ǹsì.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká lẹ́ǹsì makro lè lo lẹ́ǹsì 50 lásán pẹ̀lú túùbù, ìyẹn òrùka tí kò ní gíláàsì nínú, tí a ń fi sáàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ fi iye mìlímítà tí a kọ sára lẹ́ǹsì pín gígùn túùbù. Túùbù mìlímítà 25 lórí lẹ́ǹsì 50 fún wa ní ìdajì títóbi, èyí tí ó tó fún kọ́bọ̀ oníhò wa. Lẹ́ǹsì àtijọ́ tí a ń fọwọ́ yí náà dára púpọ̀. Micro-Nikkor 55 f/2.8 ń fúnni ní ìdajì títóbi láìsí túùbù kankan, a kò sì nílò kí kámẹ́rà wá ojú àwòrán fúnra rẹ̀ (autofocus) nínú iṣẹ́ yìí. Ihò lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò gbọ́dọ̀ kéré jù: f/5.6 sí f/8 tó (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe pọ̀ tó ni ihò ń kéré tó). Bí a bá sún mọ́ owó dé títóbi rẹ̀ gan-an, f/8 á máa ṣe bí f/16, bí a bá sì tún dín ihò kù síwájú sí i, gbogbo àwòrán á rọ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ á parẹ́.

Ohun ìgbékámẹ́ràró tí a lè fi dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀ ni ó tún kàn. Ọ̀pọ̀ tráípọ́ọ̀dù kò lè ṣe èyí láìgbọ̀n. Pátákó tó nípọn kan àti òpó kan tí káfíńtà àdúgbò kàn mọ́ ọn ṣinṣin, tí kámẹ́rà lè gòkè sọ̀ lára rẹ̀, dára ju tráípọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ gbé e sórí tábìlì tó wúwo, ẹ pa fáànù, kí ẹ sì lo aago ìdádúró inú kámẹ́rà dípò kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Láti mọ̀ bóyá kámẹ́rà kọjú sí owó gbọọrọ, ẹ fi dígí pẹlẹbẹ kékeré sí ibi tí owó yóò wà, kí ẹ wo inú kámẹ́rà: bí ojú lẹ́ǹsì bá hàn ní àárín gbùngbùn àwòrán, ó ti tọ́, bí ó bá yẹ̀ sí apá kan, kámẹ́rà dagun nìyẹn, apá kan owó kò sì ní hàn kedere.

Ní ti iná, fìtílà LED kékeré méjì tí ọrùn wọn ṣeé tẹ̀ ti tó. Ẹ wá èyí tí CRI rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bí ó ṣe rí gan-an, jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí ń lo bátìrì ni mo sì fọwọ́ sí jù, nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ kì í jẹ́ kí àwọ̀ dúró sójú kan. Bí a bá ka owó sí ojú aago, kí iná kan wà ní aago mẹ́wàá, kí èkejì wà ní aago méjì, kí àwọn méjèèjì sì ga sókè. Iná tí ó bá wá láti ìsàlẹ̀ á mú kí orí ọba dà bí ohun tí ó jìn wọlé. Igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ṣílè ayé ọba George Karùn-ún jẹ́ ohun tí a lè fi dán iná wò: ẹ rọra sọ fìtílà kan kalẹ̀ títí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi hàn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró níbẹ̀. Iná rìbìtì tí àwọn onífídíò ń lò kò yẹ fún owó, nítorí gbogbo ojú owó ni yóò sọ di pẹrẹsẹ.

Ẹ pa kọ́tìnì dé kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ má baà dà pọ̀ mọ́ ti fìtílà, kí ẹ kọ́kọ́ ya páálí aláwọ̀ eérú láti fi tún àwọ̀ ṣe, kí ẹ sì fi àwòrán pamọ́ ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Náírà méjì aláwọ̀ méjì tí ó jáde ní ọdún 2007 yóò fi àṣìṣe hàn kíá: bí àárín rẹ̀ àti etí rẹ̀ kò bá yàtọ̀ síra nínú fọ́tò bí wọ́n ṣe yàtọ̀ lójú, àwọ̀ kò tíì tọ́.

Nígbà tí ó bá wá kan kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí ó ti ní live view, ìyẹn kí àwòrán máa hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà kí a tó yà á, tí a lè sún tóbi láti rí i bóyá àwòrán mọ́ kedere. Àǹfààní ńlá ni bí ó bá ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà. Canon ń fúnni ní ètò kọ̀ǹpútà EOS Utility lọ́fẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yìí, digiCamControl náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ Nikon. Fóònù lè ṣe é fún àfihàn lásán, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ńlá rẹ̀ ni kí ẹ lò láti òkèèrè díẹ̀, kí ẹ sì gé àwòrán náà, nítorí kámẹ́rà makro inú ọ̀pọ̀ fóònù kò ní ju megapíksẹ́lì méjì lọ.

Àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò rà, Èkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Kí ẹni tí ń tà á tó fi í sínú ọkọ̀ tí ń bọ̀ ní Òṣogbo, ẹ ní kí ó tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá, kí ó sì ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó ta gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí gíláàsì, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Ọ̀rinrin àsìkò òjò lè fà á sára lẹ́ǹsì tuntun pàápàá, nítorí náà inú ike tí ó ní ìdérí líle, pẹ̀lú àpò silica gel mélòó kan, ni kí lẹ́ǹsì máa sùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ àwọn àpò náà tàbí kí ẹ máa gbẹ wọ́n lóòrèkóòrè.