Lílì Yín Tó Ń Rọ: Ẹ Ka Èyí Kí Ẹ Tó Pè Mí

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni fóònù mi ò ti sinmi. Àwòrán ewé tó sorí kodò, ohùn tí wọ́n gbà ránṣẹ́, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o." Peace lily, òdòdó inú ilé tó ń yọ funfun yẹn, òun kan náà, ẹjọ́ kan náà. Mo ń gbin òdòdó yìí tà nílùú Ìbàdàn, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí ni kò fi ìka kan ilẹ̀ inú ìkòkò wọn rí. Mo wá kó ìbéèrè yín jọ síbí, láti orí èyí tí kò yẹ kí ẹ bi mí rárá dé orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí òwò. Lílì ni n ó máa pè é kó lè yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí kókò ni.

Ìbéèrè: Mo gbé lílì mi síta kó lè rí oòrùn dáadáa, ewé rẹ̀ wá ń jó. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Oòrùn. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Abẹ́ igi nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ Kòlóńbíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Oòrùn ọ̀sán wa kò bá a lára mu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, ó ti tó o.

Ìbéèrè: Ṣé kí n wá gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Ibòòji la ní, a ò ní òkùnkùn. Ibi tí ẹ ò bá ti lè ka ìwé lọ́sàn-án láìtan iná, ewé nìkan ni yóò máa yọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ó rọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ.

Ìdáhùn: Ẹ bomi rin ín. Kó tó di alẹ́ yóò ti nàró.

Ìbéèrè: Ó rọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù rinrin. Mo tún fi omi sí i, kò dìde.

Ìdáhùn: Kò lè dìde. Gbòǹgbò tí omi ti mù dé ọrùn kò lè mí, gbòǹgbò tí kò lè mí kò lè gbé omi lọ sókè fún ewé. Ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ sì wo ìdí ìkòkò. Ṣé ó ní ihò? Àwọn ìkòkò dídán tí ẹ ń rà láti fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu rọ́bà. Bó bá jẹ́ tánganran, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ tí ẹ fi gbìn ín. Amọ̀ pupa tí àwọn bíríkìlà hú jáde níbi ìpìlẹ̀ ilé, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dì gan-an. Ẹ po ilẹ̀dú mọ́ yanrìn odò, kí ẹ fọ́ èédú wẹ́wẹ́ sí i. Kí ẹ tó bomi rin ín lẹ́yìn náà, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ míì.

Ìbéèrè: Òdòdó funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ṣé àìsàn ni?

Ìdáhùn: Ó gbó ni. Nǹkan funfun tí ẹ ń pè ní òdòdó yẹn, ewé kan ni. Òdòdó gidi ni àwọn hóró wẹ́wẹ́ tó wà lára ọ̀pá àárín rẹ̀. Ẹ gé e láti ìdí.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo rà á, òdòdó kún orí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò yọ ẹyọ kan. Ṣé wọ́n fi òmíràn tàn mí jẹ ni?

Ìdáhùn: Wọn ò tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́pọ̀ oko ńlá, wọ́n máa ń fín in ní èròjà kan tó ń jẹ́ gibberellic acid, tó ń mú un yọ òdòdó kó tó tó àsìkò, torí òdòdó ni oníbàárà ń rà, wọn kì í ra ewé. Nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, agbára oògùn náà ti tán, ó di dandan kí lílì náà fúnra rẹ̀ dàgbà tó ẹni tí ń yọ òdòdó. Ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ àti sùúrù. Ẹ má sì torí ìkánjú da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i: ewé ni yóò fi ṣe, bí kò bá jó gbòǹgbò rẹ̀. Èyí tó bá ti kún ìkòkò fọ́fọ́, ẹ pín in sí méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí òjò bá dé.

Ìbéèrè: Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ń gbẹ, ó ń di àwọ̀ ilẹ̀.

Ìdáhùn: Ọyẹ́ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò dùn mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ wo ojú ilẹ̀ inú ìkòkò náà. Bí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá ti dì síbẹ̀, ajílẹ̀ tàbí omi yín ló ń kó iyọ̀ jọ sí gbòǹgbò. Ẹ da omi púpọ̀ sí i léraléra kó máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì sinmi ajílẹ̀. Omi ẹ̀rọ, ẹ bu ú sínú korobá, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kí kúlórìnì rẹ̀ lè fò lọ. Omi òjò ló dára jù, àgbá sì pọ̀ lágboolé yín. Èyí tó ti gbẹ ò ní padà bọ̀ sípò. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Mo gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ gbé kúrò. Ìwádìí NASA, iléeṣẹ́ ìwádìí ojú ọ̀run ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Òdòdó kankan kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi bu ewé rẹ̀ jẹ.

Ìdáhùn: Mo ní ẹbí kókò ni, bí kókò tútù ṣe ń yún ni lẹ́nu ni òun náà ṣe ń yún ni. Ẹ fi omi fọ ẹnu ọmọ náà, kí ẹ fún un ní omi tútù mu. Bí ètè tàbí ọ̀fun bá ń wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá, ẹ má dúró pè mí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tí ẹ wí ni mo ti ṣe. Oòrùn ò kàn án, omi ò pọ̀, ìkòkò ní ihò. Síbẹ̀ ewé ń pọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dàgbà, lọ́sàn-án a máa rọ. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ jókòó, èyí gùn.

Ẹ̀yìn ilé ni mo to lílì mi sí, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì dúdú. Ìlà kan níhà ògiri ló bẹ̀rẹ̀ irú ìwà yìí gẹ́lẹ́. Ìkòkò kan kọ̀, kò dàgbà. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kọ̀. Mo dín omi kù, kò gbọ́. Mo fún un ní ajílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lóore. Mo pààrọ̀ ibi tí wọ́n wà, ewé ń pọ́n síbẹ̀. Aládùúgbò mi kan wá wò ó, ó mi orí, ó ní ayé ti rí i pé ọjà ń tà, kí n lọ wádìí. Mo ní ìdí ìkòkò ni n ó kọ́kọ́ wádìí.

Èèrà ló tú àṣírí. Wọ́n ń gun ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì bọ̀, wọ́n ń gba ihò ìdí ìkòkò wọlé, wọ́n ń gbabẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó da ṣúgà síbẹ̀. Mo yí ìkòkò kan dojú dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀, odindi ìṣù ilẹ̀ náà yọ sí mi lọ́wọ́. Láàárín ilẹ̀ àti rọ́bà, ó funfun bí ìgbà tí wọ́n bu efun wọ́n ọn. Ẹni tó bá ń kánjú yóò ní ó ti bu ni. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi tọ́ ọ. Efun náà rìn.

Root mealybug lorúkọ kòkòrò yìí, ìwọ̀n mìlímítà 2 sí 4 ni, kì í sáré. Omi ara gbòǹgbò ló ń fà mu, ó sì ń tú omi aládùn jáde lẹ́yìn. Òun ni èèrà ń wá lá. Èèrà mọ iyì rẹ̀: á máa ṣọ́ ọ, á sì máa gbé e láti ìkòkò kan lọ sí òmíràn. Funfun ara rẹ̀ yẹn, ìda ni, omi kì í wọ̀ ọ́ bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí ẹ bá dà sórí ilẹ̀ fi ń ṣàn kọjá lára rẹ̀. Omi ewé dòǹgóyárò a máa dín in kù, kì í pa á tán. Oògùn ẹ̀fọn inú ìgò kékeré tí ẹ fẹ́ dà sí i nínú pálọ̀, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ ṣe léṣe.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Mo gbọn gbogbo ilẹ̀ kúrò, mo fọ gbòǹgbò lábẹ́ ẹ̀rọ títí tó fi mọ́ fínnífínní, mo gé èyí tó ti jẹrà, mo wá rẹ ìyókù sínú omi ọṣẹ. Ilẹ̀ àtijọ́, mo dà á nù sí ọ̀nà jíjìn. Ìkòkò, omi híhó ni mo fi fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tuntun, mo sè é nínú ìdajì àgbá tí mo fi ọ̀rá bò lórí, títí oru fi là á já. Ẹni tí kò bá ní igi ìdáná, kó di ilẹ̀ tó rin díẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ẹ rò pé ó tán? Ó padà wá. Ìlà kan náà, ìhà ògiri kan náà. Mo wá tẹ̀ lé èèrà láti òkè bẹ́ǹṣì wá sílẹ̀, wọn ò lọ jìnnà: ìdí koríko tó hù lábẹ́ bẹ́ǹṣì ni wọ́n wọ̀. Mo hú koríko náà. Funfun kan náà wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Bí mo ṣe ń fọ òkè ni wọ́n ń kó òmíràn gòkè wá. Mo ro gbogbo abẹ́ bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀, mo da omi híhó sí ihò èèrà, mo ki ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì bọ inú agolo tí mo bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sí. Ìgbà tí ọ̀nà wọn dí ni lílì mi tó mí.

Láti ìgbà náà, kò sí lílì tí mo ń rà wọlé, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ta ni, tí n kì í yọ nínú ìkòkò wo ìdí rẹ̀ kí ó tó dé àárín àwọn yòókù. Àwọn kan máa ń bínú bí mo bá ṣe é níṣojú wọn. Kí wọ́n máa bínú.

Ìbéèrè: Ṣé kí n pe gádínà wá wò ó?

Ìdáhùn: Gádínà tí ẹ ní lọ́kàn, àdá ló mọ̀ ọ́n lò. Ẹ yọ ọ́ wò fúnra yín ná.

Ohun kan ṣoṣo ni n kì í fọwọ́ ara mi tún ṣe: bí ewé bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí ọrùn ewé níbi tó ti kan ilẹ̀ ti di dúdú, tó sì ń fà yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹ bá dì í mú. Àrùn inú ilẹ̀ nìyẹn, oògùn ojú títì ò ràn án. Ẹ má pín in, ẹ má sì gbin nǹkan míì sínú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìṣin, ní Jẹ́ríkò, nílùú Ìbàdàn níbí, láti ọdún 1975. Ẹ gbé odindi rẹ̀ lọ, tòun ti gbòǹgbò àti ilẹ̀, nínú ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí ẹ tó gbé e débẹ̀. Ibi tó bàjẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ rí.