Bí A Ṣe Tọ́jú Ibà Tó Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ti Jámánì Dé

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbé ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n wá sí Iléṣà lásìkò òjò fún ìsìnkú ìyá ọkọ wọn, wọn kò lo oògùn adènà ibà kankan, nítorí lójú tiwọn, ilé ni wọ́n ń bọ̀. Irú èrò yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tó wà lókè òkun sí wàhálà. Agbára tí ara wa ní láti kojú ibà, nítorí pé ẹ̀fọn ti ń jẹ wá láti kékeré, máa ń dínkù bí ènìyàn bá ti kúrò nílé pẹ́.

Wọ́n ti lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílé kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí wọ́n sì ń gbọ̀n rìrì. Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mí, mo sì kọ́kọ́ ka ọjọ́, nítorí inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò ibà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà fara hàn kó tó pé ọjọ́ 7 tí ẹ̀fọn ti jẹni. Àwọn ará ilé ti ń se àgbo, ẹnìkan sì ti ra oògùn ibà àti ti tàífọ́ọ̀dù pọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù ná.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ lórí ìka ẹ̀gbọ́n mi, kíìtì àyẹ̀wò sì fi hàn pé ibà ni. Àmọ́ kíìtì kò lè sọ bí kòkòrò náà ti pọ̀ tó, ìlà rẹ̀ sì lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Nítorí náà mo ṣe ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì lọ́nà méjì: èyí tó nípọn, tí kòkòrò díẹ̀ pàápàá kò lè sá pamọ́ sí, àti èyí tó fẹ́lẹ́, tí mo kọ́kọ́ kì bọ mẹ́tánọ́ọ̀lù kí ìrísí rẹ̀ má baà bàjẹ́. Mo rẹ méjèèjì láró Giemsa. Nígbà tí mo wo èyí tó fẹ́lẹ́ nínú máíkíróskóòpù, mo rí òrùka tín-ín-rín tí àmì pupa kan tàbí méjì wà lára rẹ̀, tí méjì tàbí mẹ́ta jọ wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì wú. Plasmodium falciparum nìyẹn, irú kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa, tó sì ń pani jù. Mo wá Plasmodium ovale, irú kòkòrò ibà mìíràn, pẹ̀lú, nítorí ó lè sùn sínú ẹ̀dọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n n kò rí i.

Kòkòrò náà ti wọ inú ohun tó ju ìdá 2 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì pupa lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bì gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé mì. N kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Dókítà béèrè bóyá wọ́n dé Ọ̀wọ̀, nítorí ibà Lassa, àìsàn mìíràn tó máa ń jà níbẹ̀, wọ́n sì yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Abẹ́rẹ́ artesunate ni wọ́n gbà sínú iṣan, mílígíráàmù 2.4 fún kílò kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a dé, lẹ́yìn wákàtí 12, àti lẹ́yìn wákàtí 24. Nígbà tí èébì dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn oníhóró, artemether pẹ̀lú lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àkàrà ni mo ní kí wọ́n máa jẹ mọ́ ọn, nítorí ọ̀rá ló ń jẹ́ kí lumefantrine wọ ara dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ẹ̀jẹ̀ wọn títí tí n kò fi rí kòkòrò kankan mọ́.

Lójú tèmi, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Dókítà bá wọn kọ lẹ́tà tí wọn yóò mú lọ sí Jámánì: irú kòkòrò, bó ti pọ̀ tó, oògùn àti ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi kún un pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ artesunate, sẹ́ẹ̀lì pupa lè ṣàdédé máa fọ́ nígbà tí ènìyàn rò pé ara ti yá. Mo tún sọ fún wọn pé bí ara wọn bá tún gbóná, Nàìjíríà ni kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ fún dókítà, àti pé bí wọ́n bá tún ń bọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn adènà ibà, atovaquone pẹ̀lú proguanil, ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n sì lò ó títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá padà.

Lẹ́tà náà wúlò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n padà, ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ díẹ̀. Dókítà wọn níbẹ̀ ti ń retí rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ títí ó fi gòkè padà láì gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.