Bí A Ṣe Lè Tọpa Ohun Tó Ń Mú Ìka Ọwọ́ àti Ìka Ẹsẹ̀ Dunni

Ní ilẹ̀ Ọ̀kun, láti Kàbà dé Ìsánlú, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹun: ọwọ́ ni a fi ń kọ ebè iṣu, òun ni a fi ń bó ẹ̀gẹ́, òun náà ni àwọn ìyá wa ní Ògìdì fi ń hun aṣọ. Bí ìka bá wá ń dunni, a máa ń yára pè é ní làkúrègbé, a ó sì ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Ohun tó ń fa ìrora yìí pọ̀, èyí tó sì wo ọ̀kan sàn lè dá kún òmíràn, nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè díẹ̀ kí a tó gbé ohunkóhun mì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ìka mélòó ló ń dunni? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, tí ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ pọ́n tí ó sì wú, kòkòrò ló gba ojú ẹ̀gún tàbí ọgbẹ́ kékeré wọlé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ sí máa ń ràn án lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ọyún tàbí tí pípọ́n náà ń gùn lọ sí ọwọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n ti tú u, kì í ṣe abẹ ilé. Ẹni tí ìṣó bá gún lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ jáfara láti béèrè fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ní àkókò kajú, epo tó wà nínú èèpo èso rẹ̀ máa ń jó awọ ìka, ìbọ̀wọ́ sì ni ààbò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ṣàdédé wú lóru, tí ó gbóná, tí kò sì gbà kí aṣọ pàápàá kàn án, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ gáòtù, èyí tí ásíìdì yúríìkì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń fà. Ọtí bíà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran wà lára ohun tó ń ru ú sókè. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń mú ni tọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fúnra rẹ̀ dá wọn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ìbéèrè kejì kan àkókò. Oríkèé ìka àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ lè le díẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì tú láàárín ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n bí oríkèé ọwọ́ méjèèjì bá wú bákan náà, tí wọ́n sì le ju wákàtí kan lọ lójoojúmọ́, àìsàn mìíràn ni èyí, ó sì ń wọ́ ìka bí ìtọ́jú bá pẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òru ni àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín máa ń dunni, tí ọmọńdinrín kò sì mọ̀ sí i, tí gbígbọn ọwọ́ sì ń mú un rọlẹ̀, iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló há. Ó wọ́pọ̀ lára aboyún àti ẹni tó ń tún iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ṣe láìsinmi. Kí a fi ohun tó na ọrùn ọwọ́ gbọọrọ dè é sùn.

Èyí tó ń kó ìbẹ̀rù bá mi jù ni ìka ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń ta bí iná tàbí tó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ, tí ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àtọ̀gbẹ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní òwúrọ̀ kí a tó jẹun. Bí ṣúgà bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yá iná nígbà ọyẹ́, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbóná mọ́ lè jó láìjẹ́ kí olúwa rẹ̀ mọ̀. Kí ó wọ bàtà lọ sí oko, kí ó sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ní isoniazid nínú lè ní irú ìrora yìí pẹ̀lú. Kí ó béèrè fún fítámì B6. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti Ìbàdàn fi ìwádìí rẹ̀ hàn pé ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, tí a sì ń jẹ láìsí ẹran tàbí ẹja, lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ọjọ́ tí gàrí yẹ kí ó fi kan kúrú nítorí ọjà.

Ti ọmọ kékeré yàtọ̀ pátápátá. Bí ọmọ tó ti lé ní oṣù 6 bá ń ké, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, àwọn àgbà lè ní eyín ló ń hù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúró de eyín. Èyí ni àmì tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn: ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé ń dí ọ̀nà nínú egungun kéékèèké ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kí a fi aṣọ bo ọmọ náà, kí a máa fún un ní omi, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò jẹnotáìpù. Bí ibà bá wà níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí a lọ.

Ìka tó tutù, tó funfun tàbí tó ń dúdú kò lè dúró di ọjọ́ kejì. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ ní ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, kí a má ṣe so okùn mọ́ ọn, kí a má sì gé ojú rẹ̀. Kí a jẹ́ kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí a sì wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ oògùn làkúrègbé tí wọ́n ń tà láìsí orúkọ lára rẹ̀ lè ní diclofenac tàbí prednisolone nínú. Ìrora a lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ lè ba kíndìnrín jẹ́, èkejì sì lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Bí ẹ bá ń lọ bá dókítà, yálà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́ja, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání, títí kan àgbo, kí ẹ sì sọ ìka tó bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tó máa ń le jù.