Ẹrù Fúyẹ́, Ọ̀nà Jìn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fẹsẹ̀ Rìn Jìnnà Láti Ìbàdàn

Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tówó ọwọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀. Ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń lọ sí abà tí mọ́tò kì í dé nígbà òjò. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìjọ tó ń lọ sórí òkè àdúrà. Ó sì lè jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n ti ibẹ̀ lọ gun òkè Adó-Àwáyè, kí wọ́n fojú ara wọn rí adágún Ìyàkẹ́ tó wà lórí àpáta. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gba Ìjàyè kọjá, tó kìlómítà 65. Ẹni tára rẹ̀ le, tí ẹrù rẹ̀ sì fúyẹ́, á rìn ín ní ọjọ́ mẹ́ta láì ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ gbé ẹrù kìlógíráàmù 20 lé ẹni kan náà lẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ọjọ́ kejì ni orúnkún àti èjìká á ti ní àwọn ò lọ mọ́.

Owó kọ́ ló ń mú ẹrù fúyẹ́. Lóòótọ́, wọ́n ń ta àgọ́ àti àpò olówó gọbọi fún àwọn tó ń rin irú ìrìn yìí nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nílé ò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí ohun tó fúyẹ́ tó o. Ní 1955, ìyá àgbà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Emma Gatewood, ẹni ọdún 67 tó ti bí ọmọ 11, dá rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ orí òkè tí wọ́n ń pè ní Appalachian láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà náà ju kìlómítà 3,000 lọ. Àpò tí màmá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, bàtà kánfáàsì ló wọ̀, kọ́tìnì ọlọ́rá tí wọ́n ń ta sí balùwẹ̀ ló fi ń bo ara àti ẹrù nígbà òjò, bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ló sì fi ń bora. Kò gbé àgọ́. Kò sí nǹkan kan nínú àpò rẹ̀ tí ẹni tó bá na ọjà Gbági tàbí Ògùnpa láàárọ̀ ò ní rí rà kó tó di ọ̀sán.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹrù

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa gbé síbi kan, kẹ́ ẹ sì wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò ní ọ̀sán, nígbà tí oníbàárà ò bá pọ̀ lọ́rùn wọn, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá mímọ́ di ẹrù yín kó má baà máa rùn. Ẹ kọ ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gíráàmù. Ẹ má ṣe kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, torí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣòkòtò jíìnsì kan máa ń wọ̀n tó gíráàmù 600 sí 800 ní gbígbẹ. Bí òjò bá pa á, ó lè ju kìlógíráàmù kan lọ, kò sì ní gbẹ dọ̀la. Táwẹ̀lì ńlá á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó jíìnsì náà. Ìró àǹkárá ọ̀pá méjì ò sì ju nǹkan bíi 250 lọ, bẹ́ẹ̀ òun náà ń nu ara, ó ń ṣe aṣọ ìbora, ó ń bo orí lóòrùn, obìnrin sì lè fi pa aṣọ dà lójú ọ̀nà. Tá a bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí pé kò gbọdọ̀ má sí nínú àpò, ìró àǹkárá la máa mú.

Ẹ ṣírò ìwọ̀n ohun gbogbo láìka oúnjẹ àti omi. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju kìlógíráàmù 5 lọ, ẹ tún un yẹ̀ wò, torí ilẹ̀ wa ò tutù débi tí a ó máa ru aṣọ òtútù kiri. Tẹ́ ẹ bá wá fi oúnjẹ àti omi kún un, kó má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 ò gbọdọ̀ gbé ju 12 lọ. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá ohun tó máa kún un dé 12 o. Ibẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ kọjá.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ná owó lé lórí

Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn ológun ṣe ń ru ẹrù ti rí i pé ìwọ̀n tó bá wà lẹ́sẹ̀ ń gba agbára tó ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà ju kó wà lẹ́yìn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kẹ́ ẹ má ṣe wọ bàtà òjò onírọ́bà rìn ọ̀nà jìn, bí ẹ tiẹ̀ ń wọ̀ ọ́ dáadáa lóko. Ó wúwo, ẹsẹ̀ á sì máa làágùn nínú rẹ̀ títí awọ á fi rọ̀. Bàtà kánfáàsì tàbí bàtà eré ìje tó fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ lò.

Tó bá jẹ́ òkìrìkà lẹ ń rà, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà fúlẹ́fúlẹ́ tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Tó bá ń ya lẹ́fẹ̀lẹ́fẹ̀ tàbí tó ń bu bí búrẹ́dì tó ti gbẹ, ẹ gbé e sílẹ̀, bí ojú bàtà ṣe wù kó dán tó. Inú ilé ìkẹ́rùsí ló ti gbó. Ẹ ká a níwájú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti ń ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn bó ṣe máa wú lọ́nà. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn dání, kí àyè tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò sì ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bàtà ọ̀hún jẹ́ iṣẹ́ kiri ìgboro fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbéra.

Láràárọ̀, ẹ fi òrí pa gìgísẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú bàtà, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má ní ẹ máa dúró tẹ́ ẹ bá dé abúlé tó kàn. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Tí ìléròrò bá ti yọ, ẹ má bẹ́ ẹ. Ìléròrò kékeré ti dá ọ̀pọ̀ alágbára padà sílé.

Àpò ìrẹsì lè di àpò ẹ̀yìn

Àpò ìrẹsì kìlógíráàmù 50 tó ti ṣófo ò wọ̀n ju nǹkan bí gíráàmù 100 lọ, bẹ́ẹ̀ báàgì ìgbékẹ́yìn tí wọ́n ń tà lè tó kìlógíráàmù kan sí méjì kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Ẹ wá èyí tí oòrùn ò tíì jẹ. Ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tó bá ń dún pàràpàrà tó sì ń gbọn ìyẹ̀fun, kò ní tó ọjọ́ kan lẹ́yìn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lo àpò tó ti gba oògùn kòkòrò tàbí irúgbìn tí wọ́n fi oògùn pa lára rí, bí ẹ ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó. Òógùn á máa gbé e wọ ara yín láti àárọ̀ di alẹ́, oúnjẹ yín náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ gé e kó gùn láti èjìká dé ìbàdí. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rán an, torí fọ́nrán rẹ̀ máa ń tú. Ẹni tó ń rán bàtà ni kẹ́ ẹ gbé e fún, torí òwú rẹ̀ nípọn ju ti télọ̀ lọ. Okùn èjìká ni gbogbo wàhálà wà. Kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin níbi tó ti máa kan èjìká, kí wọ́n sì tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì àtijọ́ tàbí fọ́ọ̀mù tín-ín-rín sínú rẹ̀. Níbi tí okùn ti wọ ara àpò, lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n fi ègé àpò mìíràn tẹ́ ẹ ká ní méjì tì í lẹ́yìn, kí wọ́n rán an lóníbùú àti lóòró, kí wọ́n tún rán an ní ìdábùú tó kọjá lórí ara wọn. Tí wọn ò bá tì í lẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ já. Ẹ lè fi bẹ́líìtì àtijọ́ kan so ó mọ́ ìbàdí kí èjìká lè sinmi.

Àpò yìí ò dá omi dúró, kò sì pọn dandan. Ẹ ra ọ̀rá ńlá tó nípọn, ẹ tẹ́ ẹ sínú àpò, ẹ kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Òjò á pa àpò, kò ní pa ẹrù.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí

Ẹ má gbé àgọ́. Abúlé pọ̀ lọ́nà wa, baálẹ̀ sì wà lábúlé. Ẹ rí i pé ẹ ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ bọ́ fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá. Ìbàdàn la ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Ibi tá a máa sùn di àárọ̀ là ń tọrọ.” Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tàbí kíláàsì ilé ìwé. Èyí dáa ju inú igbó lọ lọ́nà gbogbo, ààbò sì ni.

Ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ dè. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn, irú èyí tí ìjọba máa ń pín, kì í wọ̀n ju nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ. Ẹ mú okùn mẹ́rin tẹ́ ẹ máa fi so ó dání. Ẹní ọlọ́rá ni kẹ́ ẹ tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gé e kó mọ láti èjìká dé ìdí, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpò tó ti ṣófo. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, aṣọ alápá gígùn àti ìró yẹn á tó yín.

Oúnjẹ àti omi

Ẹ má gbé ìkòkò, ẹ má gbé sítóòfù. Gàrí ò nílò iná: gíráàmù 100 rẹ̀ ní agbára tó nǹkan bíi kálórì 350. Ẹ̀pà yíyan tó wọ̀n bákan náà sún mọ́ 570, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tútù ò ju 90 lọ. Nítorí náà, ẹ̀pà, kúlíkúlí, àádùn àti gàrí ló yẹ kó wà nínú àpò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti àmàlà gbígbóná, ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti ra wọ́n kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ kan péré ni kẹ́ ẹ máa gbé, nítorí ìlú ò jìnnà síra wọn.

Omi ló wúwo jù. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50 jẹ́ ìdajì kìlógíráàmù, àpò rẹ̀ oníogún sì jẹ́ 10. Ike omi lítà kan àtààbọ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n ń jù nù, ló tó, torí òfìfo rẹ̀ fúyẹ́ ju fílásìkì onírin lọ jìnnà. Ẹ má dín omi kù torí àtifúyẹ́ o! Ẹ pọn ọ́n kún níbi tó bá ti mọ́. Bó bá di pé odò tàbí kànga nìkan ló wà, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ike tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ sì tẹ́ ẹ sóòrùn fún wákàtí 6; tí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímu kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí ṣíbí náà dọ́gba lójú, kó má ga.

Aṣọ àti pẹ́pẹ̀pẹ́ yòókù

Aṣọ méjì ti tó: ọ̀kan lára, ọ̀kan nínú àpò. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ bá fọ̀ lálẹ́ á ti gbẹ láàárọ̀. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ méjì kún un, fìlà etí gbòòrò, àti sílípáàsì fún ìrọ̀lẹ́ àti fún odò. Kí àwọn obìnrin mú páàdì tàbí aṣọ nǹkan oṣù wọn dání kódà bí àsìkò ò bá tíì tó.

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì dáa ju fóònù ńlá àti páwà báńkì lọ. Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ púpọ̀, tọ́ọ̀ṣì sì ti wà lára rẹ̀. Pákò rọ́pò búrọ́ọ̀ṣì àti ìpara eyín. Ẹ gé ọṣẹ sí mẹ́ta, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ bu òrí sínú ike kékeré. Abẹ́rẹ́ òun òwú, pílásítà, káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, oògùn tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ àpò kí ohunkóhun tó wọ̀ ọ́.

Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kìíní ni ọ̀nà dáa jù. Ẹ béèrè ìròyìn ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì kẹ́ ẹ tó gbéra, torí ọ̀nà tó dáa lọ́dún tó kọjá lè má dáa báyìí. Ẹ má dá rìn, ẹ má rìn lóru, ọwọ́ òsì sì ni kẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ lè máa rí mọ́tò tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ di ẹrù náà pátá, omi àti oúnjẹ nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e rìn láti Bódìjà dé Mọ́níyà, kẹ́ ẹ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lórí ẹní yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tú àpò sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lò, ẹ dá a padà sínú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ò lò, yàtọ̀ sí oògùn, pílásítà àti ohun òjò, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì gbé èyí tó kù padà lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja.