Láti Kàbà dé Àbújá nínú ọkọ̀ oníná: bí a ṣe ń ṣètò ibi tí a ti máa ṣáàjì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ oníná kúrò ní Kàbà lọ sí Àbújá, 11% péré ló kù nínú bátìrì nígbà tí mo yà sí ibùdó ṣáàjì ayára tí mo ti gbójú lé láti ilé. Áàpù orí fóònù mi ní ibẹ̀ ṣí, kò sì sí ọkọ̀ kankan lórí ẹ̀rọ. Mo débẹ̀, mo rí i pé kò sí ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná náà kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì gbọ́ ohùn mi, ó ní ọmọ Ìyàrà lòun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kò sì sí ní tòsí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa éásì (AC), mo rọra wa ọkọ̀ lọ sílé àbúrò mi, kìlómítà mẹ́rìnlá síbẹ̀. Mo ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, mo sì lọ sùn.

Ohun tí ọjọ́ yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ, torí ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé ń bi mí: bí èèyàn bá fẹ́ gbé ọkọ̀ oníná wálé lọ́dún, ṣé ó lè fọkàn tán ṣájà ayára tó wà ní ìlú ńlá? Ṣájà ayára wúlò gan-an, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ní ojú ọ̀nà tiwa, ibi tí ẹ máa sùn ni kí ẹ gbé ìrìnàjò lé. Ẹ jẹ́ kí ṣájà ayára jẹ́ àfikún.

Ẹ mọ iye yúnìtì tí ọkọ̀ yín ń jẹ

Yúnìtì tí ẹ ń rà sí mítà iná nílé, òun náà ni kWh tí wọ́n fi ń wọn bátìrì ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní bátìrì ọkọ̀ jẹ́ 64 kWh, yúnìtì 64 ló ń gbà. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, bátìrì tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dún mélòó kan kì í gba iye tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun mọ́. Tèmi ti di 58. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ wá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kó wo iye tó kù gan-an fún yín. Iye yẹn ni kí ẹ máa fi ṣe ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wa ọkọ̀ náà láti Kàbà dé Obájànà kí ẹ sì padà, bí ẹ ṣe máa ń wà á gan-an, pẹ̀lú éásì àti ẹrù nínú búùtù. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù máa sọ iye yúnìtì tó jẹ fún 100 kìlómítà. Bí mo bá ń wà á ní kìlómítà 90 láàárín wákàtí kan, tèmi ń jẹ bíi yúnìtì 16. Kàbà sí Lọ́kọ́ja tó bíi kìlómítà 80, Lọ́kọ́ja sí Àbújá tó bíi 200. Lápapọ̀, 280, ìyẹn yúnìtì 45.

Ẹ má gbàgbé òkè. Lọ́kọ́ja wà nísàlẹ̀, létí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, Kàbà sì ga jù ú lọ dáadáa. Bí ọkọ̀ tó wúwo tó 1,800 kg bá gun òkè 100 mítà, agbára tó fi ń gbé ara rẹ̀ sókè nìkan tó ìdajì yúnìtì. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ń dá lára iná náà padà sínú bátìrì, ṣùgbọ́n kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí àlọ sí Lọ́kọ́ja fi ń rọ ọkọ̀ lọ́rùn ju àbọ̀ lọ. Yúnìtì mẹ́ta ni mo máa ń fi kún un nítorí òkè, ó wá di 48. Nínú 58 tèmi, mẹ́wàá ló máa ń ṣẹ́ kù, ìyẹn bíi 60 kìlómítà.

Ìyẹn bí mo bá wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn, 110 ni mo ń sá lẹ́yìn Lọ́kọ́ja. Láti 90 sí 110, afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ padà ń fi bí ìdajì le sí i. Éásì kò jẹ ju bíi yúnìtì kan láàárín wákàtí kan lọ. Torí náà, bí iná bá fẹ́ má tó, ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Kò sí ìdí tí àwọn ọmọ fi máa làágùn lẹ́yìn ọkọ̀ nítorí ìsáré bàbá wọn.

Ẹni tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kò lè dé Àbújá láti Kàbà láìdúró. Láti Lọ́kọ́ja gan-an, bíi 34 ló máa jẹ, èyí sì sún mọ́ etí jù fún bátìrì tó ti gbó. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn ní Lọ́kọ́ja, kó ṣáàjì kún, kó tó gbéra ní àárọ̀.

Ẹnu ọkọ̀ àti ẹnu ṣájà

Ẹnu wọn kò dọ́gba. Ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń lo ẹnu tí wọ́n ń pè ní CCS2. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń lo CCS1 tàbí ẹnu ti Tesla. Ti ilẹ̀ Ṣáínà ń lo GB/T, Nissan Leaf àtijọ́ sì ń lo CHAdeMO. Ẹ ya fọ́tò ihò tí wáyà ń bọ̀ lára ọkọ̀ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ibùdó náà lórí WhatsApp, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ìrìn òfìfo ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà.

Bí ẹ bá nílò àdápútọ̀, ìyẹn ohun tó ń so ẹnu méjì tí kò dọ́gba pọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ṣájà ayára gan-an ni kí ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà pọ̀ fún yín. Iná tó ń gba inú okùn yẹn máa ń tó bíi 400 fóòtì (volt), ó sì ń lọ tààrà sínú bátìrì. Ó ń pa èèyàn.

Ẹ pe ibùdó náà, kí ẹ sì ní ibi kejì

Ẹ má gbára lé áàpù. Ẹ pe wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún pè ní àárọ̀: Ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lónìí? Bí wọ́n bá mú iná lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ yín lè gbé e, ṣé dísù sì wà nínú rẹ̀? Aago mélòó lẹ ń ti géètì? Káàdì lẹ ń gbà ni àbí tíránsífà? Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé Band A làwọn, ìyẹn ìpele tí iná rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ rántí pé ó kéré tán, wákàtí 20 lóòjọ́ ni ìlérí Band A. Wákàtí mẹ́rin tó kù lè bọ́ sí ìgbà tí ẹ débẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ má ṣe wa ọkọ̀ lọ sí ibùdó kan àyàfi bí iná tó máa kù nígbà tí ẹ bá débẹ̀ bá lè gbé yín dé ibòmíì tí iná wà. Ilé àbúrò mi ló gbà mí lọ́jọ́ náà, orí ló sì bá mi ṣe é, mi ò ṣètò rẹ̀. Báyìí, mo máa ń kọ ibi kejì sílẹ̀ kí n tó jáde.

Lórí ṣájà ayára

Láti 10% dé 80% ni kí ẹ máa gbà níbẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì: a máa ń dà á gbuurugbu níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sún mọ́ ọrùn, a ó rọra ni, kó má baà tú dànù. Bátìrì ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń kún ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń dín iná tó ń wọlé kù, kó má baà bà á jẹ́. Lórí ẹ̀rọ 50 kW, ìyẹn èyí tó lè fúnni ní yúnìtì 50 láàárín wákàtí kan, láti 10% dé 80% lè gba tèmi ní bí ìṣẹ́jú 50. 20% tó kù lè gbà tó àkókò tó sún mọ́ ìyẹn. Bí ẹlòmíì bá wà lẹ́yìn yín, ẹ yọ wáyà ní 80%, kí ẹ fún un láyè.

Ooru náà ń fa ọwọ́ ṣáàjì sẹ́yìn. Ní ìgbà ẹ̀rùn, bí ẹ bá ti sáré wákàtí méjì nínú oòrùn, bátìrì á ti gbóná. Nissan Leaf àtijọ́ ló ń jìyà èyí jù, torí kò ní omi tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Bó bá ṣáàjì ayára lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kejì máa ń falẹ̀ gan-an.

Iná ibi tí ẹ sùn

Ibí ni ìrìnàjò ilẹ̀ Okun, agbègbè Kàbà tiwa, wà. Mo ti gba ọ̀nà Kàbà, Mọ́pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ọ̀mù-Àrán lọ sí Ìlọrin lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tíì rí ṣájà ayára kan lójú ọ̀nà náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ló ń gbé mi.

Bí okùn ṣájà tó bá ọkọ̀ wá bá ń fa 10 ámìpù (amp) nínú iná 230 fóòtì, yúnìtì 2.3 ló ń wọlé láàárín wákàtí kan. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ó di bíi 18, ìyẹn kìlómítà 110 tàbí díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iná wa kì í sábà pé 230. Ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi wo fóòtì. Bó bá fi 170 hàn yín, yúnìtì 1.7 lẹ máa rí láàárín wákàtí kan, àwọn okùn mìíràn sì máa ń kọ iná tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀kiténṣàn ọjà lásán ṣe é. Ní ilé àlejò kan ní Ẹ̀gbẹ̀, wọ́n fún mi ní ẹ̀kiténṣàn funfun onílé mẹ́rin, mo sì gbà á nítorí ọkọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ní bí ogójì ìṣẹ́jú, òórùn bíi ti rọ́bà tó ń jóná jí mi. Nígbà tí mo fà á yọ, ẹsẹ̀ pílọ̀ọ̀gì kan ti di búráùn, ike tó yí i ká ti rọ̀ bí àmàlà, àmì ìka mi sì wà lára rẹ̀ di òní. Ọmọdé méjì ló sùn sí yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Láti ọjọ́ náà, yàrá ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mò ń béèrè. Mo máa ń ki okùn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, mo sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pílọ̀ọ̀gì lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dúró níbẹ̀, mo máa dín ámìpù kù sí mẹ́fà tàbí kí n yọ ọ́.

Jẹnẹrétọ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn kékeré tí kò tó kilowáàtì kan kò lè gbé e, torí ámìpù mẹ́fà ni ọkọ̀ ń gbà ó kéré tán, ìyẹn bíi 1.4 kW. Ó sì tún lè ṣẹlẹ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí okùn ṣájà máa tan iná pupa. Okùn náà ń wá wáyà tó wọlẹ̀ (earth), jẹnẹrétọ̀ sì sábà máa ń wà láìní in. Ẹ pe ẹlẹ́tíríṣíàn tó mọṣẹ́ kó ri irin mọ́lẹ̀, kó sì so ó pọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ní kí ẹ gé wáyà náà kúrò kí okùn lè gbà, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Bí ilé èèyàn lẹ wọ̀ sí, ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ki nǹkan bọ ògiri wọn. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá onílé, màá ní, "Màmá, iná ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún o, bíi yúnìtì ogún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà mítà yín." Màá ra ọgbọ̀n sí i lórí fóònù, màá sì ka nọ́ńbà tókìnnì náà fún ọmọ wọn kó tẹ̀ ẹ́ wọlé lójú gbogbo wa. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó Band A sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúnìtì ogún di ₦4,500. Owó gidi ni nínú ilé arúgbó, ẹ má ṣe lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó tan ọkọ̀

Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ sì ṣètò pé oòrùn á bá yín níbi tí ẹ ti máa sùn. Ẹ má dúró ṣáàjì ní ibi tó dá lójú ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bó ti wù kí iná ibẹ̀ dára tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ibi tí ẹ ti máa yí padà sórí ìwé. Tèmi wà lẹ́yìn ike tí a fi ń dí oòrùn lójú ọkọ̀, ìlà mẹ́ta ni: Lọ́kọ́ja, kó má dín ní 70%; Koton Karfe, kó má dín ní 60%; Abaji, nọ́ńbà ibùdó àti nọ́ńbà àbúrò mi. Koton Karfe àti Abaji wà láàárín Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Bí mo bá dé Koton Karfe tí ohun tí mo rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá dín sí èyí tó wà lórí ìwé, mo máa yí padà sí Lọ́kọ́ja, màá wá yàrá tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáa, màá sì pe àwọn tó ń retí mi pé ó di ọ̀la.