Ẹ má ra mọ́tò lófìfo: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wá tòkunbọ̀ tí ìdílé á fi máa lọ pàgọ́

Mo ń rí i dáadáa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní Bẹ̀nẹ̀: ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀ á lọ sí pákì tí wọ́n ti ń tà á, á bá mọ́tò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀, á jókòó síwájú, klímà, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù, á fẹ́ sí i lójú, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀, ó ti sanwó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mọ́tò tẹ́ ẹ máa gbé lọ sùn lẹ́sẹ̀ òkè ní Ṣábẹ tàbí létí òkun ní Grand-Popo kọ́ nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ máa gbé lọ ni èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ìyá àgbà tí wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé nìkan, pẹ̀lú àgọ́, ẹní, ìkòkò, gáàsì, omi mímu, tí ẹrù á tún dé orí òrùlé. Mọ́tò tó kún ni kẹ́ ẹ máa fojú inú wò látìgbà tẹ́ ẹ bá ti wọ pákì. Ibi tí wọ́n ti ń gbàgbé ìyẹn ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń wá.

Ẹ má ka ìjókòó nìkan. Wọ́n á ní mọ́tò èèyàn méje ni, òótọ́ ni, ìjókòó méje ló wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ní kí wọ́n gbé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá dìde kẹ́ ẹ wá ṣí bọ́ọ̀tù wò. Nínú Opel Zafira, ibi tó kù nígbà yẹn ò gbà ju àpò díẹ̀ lọ. Ìwọ̀n tún wà níbẹ̀ o. Omi lítà 25, kìlò 25 ni, bídọ̀n mẹ́rin ti di 100 kìlò, ẹ ò tíì ka èèyàn. Mọ́tò tó bá ti Faransé wá, ẹ ní kí wọ́n fi carte grise, ìyẹn ìwé mọ́tò, tó bá a wá láti ọ̀hún hàn yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ F.2 sí, ìyẹn ni ìwọ̀n tí mọ́tò náà ò gbọdọ̀ kọjá tó bá kún, G.1 sì ni ìwọ̀n ẹ̀ lófìfo. Ẹ yọ G.1 kúrò nínú F.2, inú iye tó ṣẹ́ kù ni gbogbo èèyàn àti gbogbo ẹrù ti gbọ́dọ̀ mọ. Tó bá ṣẹ́ ku 500, tí ẹ̀yin méje gba 380, tí omi gba 100, kìlò 20 péré ló kù fún àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa kó ìyókù sórí òrùlé, ẹrù tó wúwo lókè ń mú kí mọ́tò máa fì, tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá sì ya yín sílẹ̀ lójú títì Bohicon sí Ìdàáṣà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn. Toyota Sienna àti Honda Odyssey tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni wọ́n fi ń kà, kì í ṣe kìlómítà, ẹ rí 150,000 ẹ ní kò tíì rìn jù, tó sì jẹ́ pé ó ti rin nǹkan bí 241,000 kìlómítà. Àwọn kan tún máa ń dá a padà sẹ́yìn, torí náà ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ ju nọ́ńbà lọ: pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ti jẹ, stírìn tó ti ń dán, ìjókòó awakọ̀ tó ti rì sísàlẹ̀.

Ẹ má gba mọ́tò tí wọ́n ti tan sílẹ̀ dè yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n má tíì tan án, tẹ́ ẹ bá dé ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá gbóná ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó fà á. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó dà bí ògì lábẹ́ ẹ̀, omi lè ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, kí mẹkáníìkì yín tó wò ó ẹ má sanwó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kó èèyàn sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò, kí ìjókòó kún, kẹ́ ẹ tan klímà, kẹ́ ẹ gbé e jáde lọ́sàn-án fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹnì kan sì máa wo ọwọ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn. Mọ́tò tí rádíétọ̀ ẹ̀ ti ń dí lè gbé ẹnì kan ṣoṣo yí àdúgbò Ouando ká kó má ṣe nǹkan kan, ìgbà tó bá kún lóòrùn ló máa fara ẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè gbé e jáde, ẹ fi mọ́tò ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Táyà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2314 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Ẹ lè má rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú síta, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì lábẹ́ mọ́tò. Táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, bó ti wù kí ojú ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọmọ sórí ẹ̀. Rọ́bà ń gbó kódà tí kò bá rìn, oòrùn sì ń yára gbó o, tí ẹrù bá wá wúwo lé e, á gbóná, á bẹ́, lórí eré, lọ́nà jíjìn. Ẹ wò ó bóyá sípíà, jáàkì àti kọ́kọ́rọ́ táyà wà nínú bọ́ọ̀tù, kẹ́ ẹ sì ka owó táyà mẹ́rin tuntun mọ́ owó mọ́tò kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Mọ́tò tí omi ti mu rí náà wà nínú pákì. Wọ́n á fọ ìjókòó, wọ́n á fín lọ́fínńdà sí i, àmọ́ bẹ́líìtì ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fà á jáde títí kò fi sí mọ́. Tí ìlà omi tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ bá wà nídìí ẹ̀, tí àwọn irin abẹ́ ìjókòó sì ti dógùn-ún, ẹ máa lọ.

Àwọn kan gbà pé mọ́tò tó ń lo gasoil (dísù) ló dáa fún ẹrù. Àmọ́ mọ́tò gasoil tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù láti 2011 wá ní asẹ́ kan tó ń gba èéfín dúdú, ó fẹ́ ìrìn gígùn kó tó lè jó ìdọ̀tí ara ẹ̀ nù, tó bá jẹ́ ilé sọ́jà, ọjà sí ilé-ìwé ló ń lọ ní gbogbo ọdún, á dí, owó tẹ́ ẹ máa fi tún un ṣe ò sì kéré. Tó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi nìkan lẹ máa ń jáde nílùú, èyí tó ń lo ẹsáǹsì (bẹntiróòlù) ni kẹ́ ẹ rà.

4x4 ńkọ́? Àwọn tó bá ń lọ pàgọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ọ̀nà ilẹ̀ pupa ti gbẹ nígbà yẹn, mọ́tò tí abẹ́ ẹ̀ ga díẹ̀ tó wọn, ẹ má lọ ra 4x4 tó ti gbó torí orúkọ.

Ẹ bá mẹkáníìkì yín sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó rà, ẹ bi í pé ṣé ara mọ́tò yìí wà lọ́jà níbí àbí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí Kútọnu. Kẹ́ ẹ sì rí i pé nọ́ńbà sháásì tó wà lára mọ́tò, gbogbo àmì 17 yẹn, bá èyí tó wà nínú ìwé mu, tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ ẹ má sanwó.

Tẹ́ ẹ bá ní àwọn kan máa sùn nínú mọ́tò, ẹ mú mítà dání, ẹ tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, àgbàlagbà ò lè na ẹsẹ̀ níbi tí kò tó mítà kan àti àádọ́rin. Ẹ ò sì gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì sùn torí klímà, èéfín ẹ̀ tí kò lóòórùn lè pa gbogbo ilé sójú oorun. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó.

Ti kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà létí títì, ni mo fi pa mọ́ ẹ̀yìn torí ó ń dùn mí. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó ẹsáǹsì pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké gbiná, ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó kú, síbẹ̀ ẹ ó ṣì rí mọ́tò ìdílé tí kẹ́ẹ̀gì ẹsáǹsì wà lẹ́yìn àwọn ọmọ tí fèrèsé sì wà ní títì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé lítà mélòó ni táǹkì ẹ̀ ń gbà, ti Sienna lé ní 70, tẹ́ ẹ bá ti rọ ọ́ kún ní Àjàṣẹ́, á gbé yín dé Ṣábẹ, ibùdó ẹsáǹsì sì wà ní Bohicon àti ní Ìdàáṣà tẹ́ ẹ ti lè rọ òmíràn.